Bí Igi Rere Bá Kọ Oyè

Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ fún kíláàsì àwọn ọ̀dọ́, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́: ọdún 16 sí 22
Àkókò: ọjọ́ ìsinmi méjì, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan
Orí ọ̀rọ̀: Ìdí tí Kristẹni fi gbọ́dọ̀ ka ìbò dídì sí gbèsè tó jẹ ìlú rẹ̀
Bíbélì kíkà: Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 9; Ìṣe Àwọn Aposteli orí 6, 16 àti 22
Ohun èlò ìkọ́ni: Bíbélì, pátákó ìkọ̀wé, káàdì ìdìbò olùkọ́, páálí tí a dá ojú sí lórí bí àpótí ìdìbò, bébà pélébé

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ìtàn Jotamu láìwo ìwé, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ ìdìbò wa mu. Yóò lè fi ọ̀wọ̀ dá àgbàlagbà tó bá ní òṣèlú kò kan ọmọ Ọlọ́run lóhùn. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 nínú wọn yóò lọ forúkọ sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ mí lógún jù. Bí wọ́n bá gbàgbé gbogbo ìyókù tí wọ́n sì ṣe ìyẹn, a kò ṣiṣẹ́ lásán.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yan olórí kíláàsì rí ní iléèwé, wọ́n sì ti yan alága ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ. Bi wọ́n pé: nígbà tí ẹ fẹ́ yan akápò ẹgbẹ́, kí ni ẹ wò lára ẹni tí ẹ mú? Wọn yóò sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹni tó ń wá sípàdé, ẹni tó mọ ìṣirò. Kọ ìdáhùn wọn sí apá òsì pátákó, má sì pa á rẹ́ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. A óò padà síbẹ̀.

Ìfáárà

Mú káàdì ìdìbò rẹ jáde, jẹ́ kí ó ti ọwọ́ dé ọwọ́ yí kíláàsì po. Nígbà tí wọ́n bá ń wò ó, kọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí sí pátákó:

93,469,008: àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn olùdìbò fún ìdìbò gbogbogbòò ọdún 2023.
87,209,007: àwọn tó gba káàdì wọn.
Mílíọ̀nù 25 àti díẹ̀: àwọn tó jáde lọ yan ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún náà.

Fi ìṣirò náà sílẹ̀ fún wọn. Wọn yóò rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, bíi 27 péré ló dé ìdí àpótí. Àwọn tí káàdì wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò sì jáde lé ní mílíọ̀nù 61. Má ṣe jẹ́ kí kíláàsì sáré dá gbogbo wọn lẹ́bi. Ní ibi púpọ̀, òṣìṣẹ́ ìdìbò pẹ́ kó tó dé. Jàǹdùkú lé àwọn mìíràn sílé. Owó náírà tún wọ́n bí ojú lóṣù yẹn, ẹlòmíràn kò rí owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún 2023 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wọmi. Ní 2003, nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 69 ló dìbò ààrẹ. Ní 2011, 54. Ní 2015, 44. Ní 2019, 35. Ó ń fà bí omi kànga nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ìbò 8,794,726 ni ẹni tó wọlé ní 2023 ní. Bi wọ́n pé: mélòó ni ìyẹn nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó forúkọ sílẹ̀? Kò pé mẹ́wàá. Sọ fún wọn pé a kò fi èyí bu ẹnikẹ́ni kù. Ẹni yòówù tí ì bá wọlé lọ́jọ́ náà, ìṣirò náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn tó jókòó sílé ló pọ̀ jù lọ nílẹ̀ yìí, àwọn Kristẹni sì wà láàárín wọn, àwa tí a máa ń gbàwẹ̀ fún orílẹ̀-èdè.

Kókó kìíní: Ìtàn tí Jotamu pa

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ka Àwọn Onídàájọ́ orí 9 sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí Jotamu ti sá lọ. Má ṣe kánjú kọjá ibí yìí, òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ náà.

Gideoni kú, ó fi àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Abimeleki, ọmọ tí àlè rẹ̀ bí fún un ní Ṣekemu, lọ bá àwọn ará ilé ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wọn sọ kò ṣàjèjì sí wa: ṣé àádọ́rin ènìyàn ni yóò máa ṣe olórí yín ni, àbí ẹnì kan ṣoṣo? Ẹ rántí pé ẹ̀jẹ̀ yín ni mí. Ọkàn àwọn ará Ṣekemu fà sí i, wọ́n ní ọmọ wa ni. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò béèrè iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Wọ́n yọ àádọ́rin owó fàdákà nínú ilé òrìṣà wọn fún un, ó sì fi háyà àwọn aláìníṣẹ́ àti oníjàgídíjàgan. Àwọn wọ̀nyí ló kó lẹ́yìn lọ sí ilé baba rẹ̀, tó sì pa àwọn arákùnrin rẹ̀, àádọ́rin, lórí òkúta kan ṣoṣo. Jotamu, àbíkẹ́yìn wọn, nìkan ló sá pamọ́.

Dúró níbí. Àádọ́rin owó, àádọ́rin orí. Owó kan fún orí kan. Bi kíláàsì pé: owó ta ni? Jẹ́ kí wọ́n rò ó. Abimeleki kò mú owó kankan jáde nínú àpò ara rẹ̀. Owó àwọn ará Ṣekemu ni, èyí tí wọ́n ti ń kó wá sílé òrìṣà wọn látọjọ́ pípẹ́. Owó wọn ló fi ra àwọn jàǹdùkú tó fi gorí wọn.

Nígbà tí wọ́n fi Abimeleki jọba, Jotamu gun orí òkè Gerisimu, ó lọgun, ó pa ìtàn fún wọn. Àwọn igi ń wá ọba. Wọ́n lọ bá igi ólífì, ó ní òun kò lè fi òróró òun sílẹ̀. Wọ́n lọ bá ọ̀pọ̀tọ́, ó ní òun kò lè fi adùn òun sílẹ̀. Wọ́n lọ bá àjàrà, ó ní òun kò lè fi wáìnì tí ń mú inú dùn sílẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n lọ bá igi ẹ̀gún. Ẹ̀gún kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n wá sábẹ́ òjìji òun, bí wọn kò bá sì fẹ́, iná yóò ti ara òun jáde yóò jó igi kédárì Lẹ́bánónì run. Bi ẹni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ dé oko rí nínú kíláàsì: ta ló ń sinmi lábẹ́ igi ẹ̀gún?

Ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí ìtàn yìí ló dá lórí ẹ̀gún. Ní tèmi, igi mẹ́ta ìṣáájú ni mo fẹ́ kí a wò. Wọn kò purọ́. Ìlú nílò òróró, ó nílò èso dídùn, ó nílò wáìnì. Iṣẹ́ rere ni gbogbo wọn ń ṣe, bí ti nọ́ọ̀sì, bí ti olùkọ́, bí ti olórí akọrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ́ orin ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n oyè náà kò ní torí pé ọwọ́ wọn dí kí ó ṣófo. Ẹnì kan yóò jẹ ẹ́. Mo máa ń jẹ́wọ́ fún kíláàsì níbí pé ní ọdún 2011 èmi náà jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò, mo ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ pé iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe. Iṣẹ́ Olúwa ni lóòótọ́. Ólífì náà kò purọ́.

Ìparí ìtàn: ọdún mẹ́ta péré ni Abimeleki fi jọba kí òun àti àwọn ará Ṣekemu tó dojú ìjà kọ ara wọn. Ó wó ìlú náà lulẹ̀, ó da iyọ̀ sí i. Ó ti iná bọ ilé ìṣọ́ tí wọ́n sá sí, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọkùnrin àti obìnrin jóná sínú rẹ̀. Nígbà tó lọ gbógun ti ìlú Tebesi ni obìnrin kan ju ọmọlọ láti orí ilé ìṣọ́, tó fọ́ ọ lágbárí. Nínú ẹgbẹ̀rún tó jóná, ó dájú pé àwọn kan wà tí kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ owó náà rárá. Iná kò ya wọ́n sọ́tọ̀. Bákan náà ni kòtò ojú títì kì í bi awakọ̀ léèrè bóyá ó dìbò tàbí kò dì. Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Kókó kejì: Ọmọ ìlú méjì ni Pọ́ọ̀lù

Ẹsẹ Bíbélì tí àwọn ará wa fẹ́ràn jù láti fi kọ ìdìbò ni èyí tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ọ̀run ni ìlú ìbílẹ̀ wa. Sọ fún kíláàsì pé Filipi ni ó kọ ìwé yẹn sí. Nísinsìnyí kí wọ́n ṣí Ìṣe orí 16. Ní Filipi kan náà ni wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù àti Sila ní gbangba láìṣe ẹjọ́, tí wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìjòyè ìlú ránṣẹ́ pé kí wọ́n rọra máa lọ. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ni àwọn, kí àwọn tó ṣe é wá fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Ní Jerúsálẹ́mù, orí 22, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó na án, ó tún béèrè bóyá òfin gbà wọ́n láyè. Ọ̀gágun ní owó ńlá ni òun fi ra ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú yìí. Pọ́ọ̀lù ní wọ́n bí i mọ́ òun ni.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ nípa ìlú ọ̀run kò jù ti ayé nù. Wọ́n bí tiwa náà mọ́ wa.

Ìjọ àkọ́kọ́ náà yan ènìyàn síṣẹ́, ní Ìṣe orí 6: àwọn kan ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó wọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn aposteli kò dá yan ẹnikẹ́ni. Wọ́n pe gbogbo ọmọ ẹ̀yìn jọ, wọ́n ní kí wọ́n wo ọkùnrin méje láàárín ara wọn, olórúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Ìjọ yan, àwọn aposteli gbọ́wọ́ lé wọn. Ọ̀rọ̀ pípín oúnjẹ ni o, irú èyí tí àwọn ará ìlú ń jà lé lórí títí dòní bí ìjọba bá kó ìrẹsì wá. Padà sí apá òsì pátákó báyìí, fi ohun tí wọ́n sọ nípa akápò wé ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ.

Kókó kẹta: Ẹ̀tọ́ ìdìbò kò ti ọ̀run já bọ́

Ní ilẹ̀ wa, òfin ọdún 1922 ló kọ́kọ́ fún aláwọ̀ dúdú láyè láti dìbò yan aṣòfin, ìdìbò sì wáyé ní ọdún 1923. Èkó àti Calabar nìkan. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nìkan. Àwọn ọmọlẹ́yìn Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ló kó àwọn ìjókòó Èkó. Obìnrin kò sí níbẹ̀. Tálákà kò sí níbẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn obìnrin ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà dara pọ̀, ọ̀rọ̀ di ti owó-orí: wọ́n ń san án, wọn kò sì ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Wọ́n jáde ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n jókòó sí iwájú ààfin. Ní oṣù kìíní 1949 Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ tìyìntìyìn, olùkọ́ ni èmi náà.

Àwọn obìnrin Àríwá dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn ìdìbò gbogbogbòò, ti 1979 ni wọ́n tó kọ́kọ́ dì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin bá wà ní kíláàsì, jẹ́ kí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí ìyá wọn àgbà ní ọdún náà.

Kókó kẹrin: “Dìbò, kí o sebẹ̀”

Nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2018 ni ọ̀rọ̀ yìí gbalẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: tẹ̀ka, gba owó, ra ẹran lọ sílé.

Kọ ìṣirò kan sí pátákó. Kí á ní wọ́n fún ènìyàn ní 10,000 náírà. Ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Pín in. Kò pé náírà méje lójúmọ́. Náírà méje kò ra omi ọ̀rá. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà: ìtanràn tó lè tó 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Òfin yẹn tún fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì lélẹ̀ fún ẹni tó bá ta káàdì rẹ̀. Ìwé Ẹ́kísódù ti sọ tirẹ̀ tipẹ́, pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń fọ́ ojú ẹni tó ń ríran.

Kí olùkọ́ má ṣe fi àwọn tí ebi ń pa ṣẹ̀sín. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì jẹun láti àná kò ní fetí sí ìwàásù lórí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láti ẹnu ẹni tó yó. Èrò mi ni pé ìjọ tó bá fẹ́ kí ọmọ ìjọ rẹ̀ kọ owó ìdìbò, kí ó ṣí àpótí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò fún àwọn opó àti aláìníṣẹ́ tó wà láàárín rẹ̀. Kí ó ṣe é láìbéèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún.

Kókó karùn-ún: Àwáwí

“Ọlọ́run ló ń fi olórí jẹ.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run náà ló ń mú àgbàdo hù, àgbẹ̀ kì í sì torí ìyẹn gbé ọkọ́ kọ́ àjà.

“Òṣèlú dọ̀tí.” Ilé tó dọ̀tí ni wọ́n ń gbá.

“Ọjọ́ Sátidé ni.” Àwọn ará wa Adventist tó ń pa Sábáàtì mọ́ ní ẹjọ́ gidi níbí, wọ́n sì ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n yí ọjọ́ náà padà. Ó yẹ kí àwa ìyókù bá wọn bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ àwa tí a máa ń lọ sí òde ìyàwó ní Sátidé kò ní àwáwí kankan lórí èyí.

“Ìbò mi kan ṣoṣo, kí ló lè ṣe?” Ọ̀ṣun ni kí á fi dáhùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 2018 wọ́n dìbò gómìnà níbẹ̀. Ẹni tó ṣíwájú fi ìbò 353 ju ẹni tó tẹ̀lé e lọ. INEC, àjọ elétò ìdìbò, kò kéde ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó méje, ènìyàn 3,498 ló sì forúkọ sílẹ̀ ní àwọn ibùdó náà. Lọ́jọ́ 27 wọ́n tún un dì níbẹ̀. Ẹni tó ti wà lẹ́yìn ló wọlé, ó fi ìbò 482 ṣíwájú. Ìbò àwọn méjèèjì lápapọ̀ ju 500,000 lọ. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, èsì náà sì dúró. Bi àwọn ọmọ pé: ènìyàn mélòó ló ń jọ́sìn nínú ìjọ wa lọ́jọ́ ìkórè? Kí wọ́n fi wé 482, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Kókó kẹfà: Ta ni kí á yàn?

Ìkìlọ̀ fún olùkọ́: má dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ní kíláàsì, má sì wọ aṣọ tàbí fìlà tó ní àmì ẹgbẹ́ wá. Ọ̀dọ̀ ìwọ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ronú. Ẹni tí wọn yóò yàn, tiwọn ni.

Wọn yóò béèrè bóyá Kristẹni nìkan ni Kristẹni lè dìbò fún. Rán wọn létí ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá tó ń du ipò náà, Mùsùlùmí ni igbákejì rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Kristẹni sì tò nínú oòrùn láti dìbò fún un. Ìjọba ológun fagi lé ìdìbò náà lọ́jọ́ 23 oṣù náà. Ọjọ́ tí wọ́n tò yẹn sì ni Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa wa, láti ìgbà tí ìjọba ti yí ọjọ́ àjọ̀dún náà padà ní 2018. Ìdànwò tí Jẹtiro fi lé Mose, àna rẹ̀, lọ́wọ́ ṣì tó fún wa: ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n, tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó jẹ́ olóòótọ́, tó kórìíra ojúkòkòrò. Ọrùn ènìyàn lè ru àgbélébùú wúrà kí ó má ní ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn.

Iṣẹ́ kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin yóò jẹ́ igi mẹ́rin inú ìtàn Jotamu. Kí ẹ̀gún ṣe ìpolongo ìbò fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó ṣèlérí gan-an. Fọwọ́ kan ìdajì kíláàsì ní èjìká ní ìkọ̀kọ̀, sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn dí, wọn kò gbọ́dọ̀ dìbò. Kí àwọn ìyókù ju bébà sínú páálí. Ka ìbò sókè. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn dìbò, kí ẹ sì tún un kà. Jẹ́ kí àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n jókòó sọ bó ṣe rí lára wọn.

Ìgbéléwọ̀n

1. Níbo ni owó tí Abimeleki fi háyà àwọn oníjàgídíjàgan ti wá?
2. Kí ni Pọ́ọ̀lù ṣe ní Filipi tó fi hàn pé ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀?
3. Ta ni òfin 1922 kò gbà láyè láti dìbò?
4. Àǹtí rẹ ní òun ti gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, òun sì ti búra fún wọn. Kí ni wàá sọ fún un? (Ọ̀pọ̀ ìdáhùn ló lè tọ̀nà. Gba wọn láyè láti jiyàn.)

Iṣẹ́ àmúrelé

Ẹni tó ti pé ọdún 18: lọ wádìí ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, lọ forúkọ sílẹ̀, kí o sì lọ gba káàdì rẹ fúnra rẹ. Ẹni tí kò tíì pé: wá àgbàlagbà kan nínú ìjọ tí káàdì rẹ̀ ti sọnù tàbí tó ti kó kúrò ní àdúgbò tó ti forúkọ sílẹ̀, bá a lọ tún un ṣe ṣáájú ìdìbò 2027. Ọ́fíìsì INEC wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.